Ìdérí Rọ́bà Tó Fi Òjé Pamọ́

Ọ̀rọ̀ ìgò kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ wa sí ni mo mú wá lónìí. Ẹ mọ̀ ọ́n: ó ní ìdérí rọ́bà, òmíràn pupa, òmíràn aláwọ̀ ewé, òmíràn aláwọ̀ àlùkò. Amẹ́ríkà ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ọlọ́mọ tí kò yẹ kó gbọ́ ọ.

Orí òjé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà mọ òjé dáadáa, òun ni wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Ṣùgbọ́n bí òjé bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, májèlé ni. Ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà jù. Ọmọ ò ní lè fara balẹ̀, ìwé ò ní tètè yé e. Aboyún tó bá ní in lára, ọmọ inú rẹ̀ á pín níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kì í hàn lójú. Ọmọ náà á máa jẹun, á máa sáré kiri. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè tú u fó. Ní Amẹ́ríkà, òjé wà nínú ọ̀dà ara ilé àtijọ́ àti nínú àwọn páìpù omi kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré wò.

Ilé-iṣẹ́ Magellan Diagnostics, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ló ń ṣe ẹ̀rọ LeadCare tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń ṣe àyẹ̀wò yìí. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà mú ẹ̀jẹ̀ fún un nígbà náà. Wọ́n lè gún ọmọ ní ìka tàbí ní gìgísẹ̀, kí wọ́n gba ìwọ̀nba tó kán. Wọ́n sì lè fà á láti inú iṣan apá sínú ìgò. Ti iṣan yìí ni àwọn dókítà gbẹ́kẹ̀ lé jù, torí ìdọ̀tí ara ìka lè kó bá èsì. Ibi tí wọ́n fọkàn sí jù gan-an ni ewu wà.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, FDA, àjọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NAFDAC ń ṣe níbí, kìlọ̀ pé bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ iṣan ni, ẹ̀rọ náà lè sọ pé òjé kéré ju bó ṣe wà lọ. Wọ́n ní ó lè ti wà bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2014. Àyẹ̀wò bíi mílíọ̀nù 8 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ náà ṣe láàárín àkókò yẹn, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ìka ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìyẹn sì yè bọ́. Bí wọ́n bá ní kí a dá ọjà padà, a mọ bí a ṣe ń ṣe é: a ó gbé e padà fún ẹni tó tà á. Èyí yàtọ̀. Ọmọ ni wọ́n ń pè padà! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mú, tí èsì wọn kò tó 10 lórí òṣùwọ̀n òjé, ni wọ́n ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Ẹ wo ìyá tí wọ́n ti sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò ní nǹkan kan, tó ti dúpẹ́, tó ti lọ sílé.

Kí ló wá fà á? Ìdérí ni. Wọ́n máa ń fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ thiuram ṣe rọ́bà. Ní ọdún 2018, FDA ní òun ló jọ pé ó fà á nínú ìdérí àwọn ìgò Vacutainer kan tí ilé-iṣẹ́ BD ṣe. Gáàsì tó ní imí-ọjọ́ nínú ń ti ara rẹ̀ jáde, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, á sì so mọ́ òjé. Òjé ò kúrò níbẹ̀ o. Ẹ̀rọ LeadCare ni kò rí i mọ́. Ẹ̀jẹ̀ ìka kì í gba inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ kọjá, ohun tó fi yè bọ́ nìyẹn. BD pe àwọn kan nínú ìgò náà padà lọ́dún yẹn.

Ìyẹn ì bá ṣeé fara mọ́, nítorí ta ni ì bá fura sí rọ́bà? Ohun tó dùn mí ni pé àwọn Magellan ti mọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ní láti ọdún 2013 ni wọ́n ti rí àléébù náà lára LeadCare Ultra, kí wọ́n tó gbé e sọ́jà, wọn ò sì sọ fún FDA. Nígbà tó di ìparí ọdún 2014, wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń lo Ultra pé kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ náà tó gbà pé òun yóò jẹ́bi nílé ẹjọ́, tó sì gbà láti san mílíọ̀nù 42 dọ́là. Ó kéré tán, mílíọ̀nù 9.3 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2014 ti di ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà.