Ṣakí àti Gbèdéke Àlejò
Ìlú Ṣakí mọ ohun tí gbèdéke ọjọ́ ń fojú àlejò rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ Ṣakí tó ń ṣòwò ní Tamale, tí ọ̀pọ̀ wọn ti bímọ síbẹ̀, lu ọjà wọn ní gbàǹjo, wọ́n fi owó àwìn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, wọ́n wọkọ̀ wálé.

Àdéhùn ECOWAS ọdún 1979 sàn jùyẹn lọ: ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà lè lo 90 ọjọ́ ní òmíràn láìgba físà, kí ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ sí i tọrọ àfikún. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ka ọjọ́. Bí ará Bẹ̀nẹ̀ bá sọdá wá gbàtọ́jú nílé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ní Ṣakí, tí egungun rẹ̀ kò tètè jinná ńkọ́? Àwọn kan á ní ìjọba gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wà nílẹ̀ rẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé dókítà ti sọ ẹni tó jẹ́ àti ìdí tó fi dúró. Ó yẹ kí ìyẹn tó láti fún un láfikún ní Ṣakí níbẹ̀, láìjẹ́ pé ó tún ń wọ́ ẹsẹ̀ ríro lọ gbà á ní Ìbàdàn.