Okùn Ọ̀rẹ́ Lọ́rùn Màlúù: Àṣà Habbanae Láàárín Àwọn Wodaabe Ilẹ̀ Niger

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òwe yìí ni a óò fi ṣe àtẹ̀gùn sínú ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí. Nílẹ̀ Yorùbá, àṣà ọ̀sìn kì í ṣe àjèjì. Ẹni tí ó ní ewúrẹ́ tàbí adìẹ púpọ̀ lè mú abo kan nínú wọn fún aládùúgbò rẹ̀ láti sìn. Bí ẹran náà bá bímọ, ẹni tí ó ni ín àti ẹni tí ó ń sìn ín a pín ọmọ gẹ́gẹ́ bí àdéhùn wọn. Báyìí ni ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ tí yóò fi ra ẹran ṣe ń di ẹlẹ́ran. Àṣà yìí bá àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú tan, nítorí pé nínú gbogbo wọn, ẹni tí ó ṣe ìrànlọ́wọ́ àti ẹni tí a ràn lọ́wọ́ ni wọ́n jọ ní ojúṣe sí ara wọn.

Ṣùgbọ́n irú àṣà báyìí kò mọ sọ́dọ̀ Yorùbá nìkan. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ó ti rí láàárín àwọn Wodaabe, ẹ̀yà kékeré kan nínú àwọn Fúlàní tí ń da màlúù ní orílẹ̀-èdè Niger, ohun tí ojú àṣà náà rí nígbà ọ̀dá 1968 sí 1974 àti ti 1984, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lé ebi jìnnà sí ilé aláìní.

Àwọn Wodaabe àti Oúnjẹ Wọn

Àwọn Hausa ni wọ́n pọ̀ jù ní orílẹ̀-èdè Niger; wọ́n ju ìdajì gbogbo ará ìlú lọ. Àwọn Fúlàní kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Nínú àwọn Fúlàní náà, ọ̀pọ̀ ti fìdí kalẹ̀ sí ìletò àti ìlú, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń sin ẹran. Àwọn Wodaabe, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Bororo, jẹ́ ìpín díẹ̀ tí ó ṣì ń tẹ̀ lé màlúù káàkiri láti ibi koríko kan dé òmíràn. A ń rí wọn pẹ̀lú ní àríwá Nàìjíríà, ní Chad àti ní Cameroon. Ìwé tí Derrick Stenning kọ ní 1959 nípa àwọn ti Bornu, àti èyí tí Marguerite Dupire kọ ní 1962 nípa àwọn ti Niger, wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí ó ṣe àlàyé kíkún nípa ìgbé ayé wọn.

Ẹni tí ó bá rí agbo màlúù wọn lè rò pé ẹran ni wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Wàrà àti ọkà jéró ni oúnjẹ wọn. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń bójú tó wàrà. Ohun tí wọ́n bá mu kù ni wọ́n ń gbé lọ sí ọjà láti fi gba jéró lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹran pípa kò wọ́pọ̀ láàárín wọn, àfi nígbà ayẹyẹ. Bí ó bá di dandan kí wọ́n ní owó, wọn a ta akọ kan. Nítorí náà, agbo màlúù ni oko Wodaabe, òun náà ni àká rẹ̀, òun náà ni àpótí owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní abo màlúù tí ó ń fún ní wàrà kò ní oúnjẹ, kódà bí jéró bá kún ọjà dẹ́nu.

Bí Àṣà Habbanae Ṣe Rí

Nínú èdè Fúlàní, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí “láti so” ni orúkọ yìí ti jáde. Ẹni tí ó ní ẹran yóò mú ẹgbọrọ abo màlúù kan, yóò sì fi lé ìbátan tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbà á kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ pa á. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa mu wàrà rẹ̀. Nígbà tí màlúù náà bá bímọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, yóò dá ìyá padà fún olówó rẹ̀, àwọn ọmọ yóò sì di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ọ̀sìn tiwa. Níbi ti Yorùbá, ọmọ ni a ń pín. Níbi ti Wodaabe, ìyá nìkan ni ó ń padà. Ọmọ kò padà. Nítorí náà, ìrànwọ́ ti wọn tóbi ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù, nítorí pé oṣù mẹ́sàn-án ni màlúù fi ń lóyún, kì í sì í tètè bímọ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ gbígbẹ bẹ́ẹ̀.

A lè béèrè pé kí ni èrè ẹni tí ó yá ni ní màlúù? Èrè rẹ̀ kò kéré. Lọ́nà kìíní, ẹran rẹ̀ kò sí lójú kan. Bí àrùn bá pa agbo tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, èyí tí ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ lè yè. Lọ́nà kejì, ó ti ní ẹni tí òun náà lè tọ̀ lọ lọ́jọ́ tí nǹkan bá yí padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdí nìyí tí a fi lè pe màlúù habbanae ní màlúù ọ̀rẹ́: màlúù ni a so mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn méjì ni okùn náà so pọ̀.

Nígbà tí Ọ̀dá Dé

Kì í ṣe òní ni ìparun ẹran ti ń bá àwọn darandaran fínra. Àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí ó wọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1887 dé apá ìwọ̀-oòrùn ní nǹkan bí 1891, ó sì pa agbo run lọ rẹpẹtẹ. Ọ̀dá 1913 sí 1914 tún mú ìyàn ńlá wá. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ ṣẹ́ kù ni ó ń so màlúù mọ́ ọwọ́ ẹni tí tirẹ̀ tán.

Ọ̀dá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1968 yàtọ̀. Kí ó tó dé, ọ̀nà ti há fún darandaran. Ìjọba Niger ṣe òfin ní 1961 pé oko kò gbọdọ̀ kọjá ààlà kan sí ìhà àríwá, kí koríko lè wà fún ẹran. Àwọn àgbẹ̀ kọjá ààlà náà síbẹ̀. Bákan náà, àwọn kànga jíjìn tí a gbẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ kó agbo jọ sí ojú kan. Nígbà tí òjò kọ̀, omi wà nínú kànga wọ̀nyí ṣùgbọ́n koríko ti tán láyìíká wọn. Ebi ni ó pa ọ̀pọ̀ màlúù níbẹ̀, kì í ṣe òùngbẹ. Nígbà tí ó fi di 1973, ọ̀pọ̀ ìdílé Wodaabe ti di aláìní màlúù. Àwọn kan wà ní àgọ́ ìrànwọ́ lẹ́bàá ìlú. Àwọn mìíràn sọ̀kalẹ̀ wá sí Nàìjíríà, wọ́n ń ṣọ́ ilé olówó, wọ́n ń ta egbòogi. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1974, Seyni Kountché gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Hamani Diori. Ọ̀kan nínú ìdí tí àwọn ológun fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n ṣe oúnjẹ ìrànwọ́ báṣubàṣu.

Ibí yìí ni àṣà habbanae ti kan ògiri. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n bí iná bá jó gbogbo igi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èwo ni yóò ṣíji bo èkejì? Nígbà tí gbogbo ọ̀rẹ́ pàdánù papọ̀, kò sí ẹni tí yóò mú okùn so fún ẹnì kan.

Ọjà náà tún dá kún un. Amartya Sen fi hàn nínú ìwé rẹ̀, *Poverty and Famines*, tí ó jáde ní 1981, pé ebi lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé oúnjẹ wọ́n nílùú, bí ohun tí ó ní lọ́wọ́ kò bá lè ra oúnjẹ mọ́. Àwọn darandaran Sahel wà lára àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà ọ̀dá, gbogbo wọn ni wọ́n ń ta ẹran tí ó ti rù. Iye ẹran wálẹ̀, iye jéró gòkè. Ní 1984, ọ̀ràn náà kan ìlú tiwa gbọ̀ngbọ̀n. Ìjọba ológun Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀ pa ní oṣù kẹrin ọdún náà nígbà tí ó ń pààrọ̀ owó náírà, wọn kò sì ṣí i títí di 1986. Ọ̀dá tún wà ní Niger lọ́dún 1984 yìí gan-an, bẹ́ẹ̀ ni ọjà tí ó ṣe pàtàkì jù fún ẹran wọn wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí a tì.

Ìrànwọ́ àti Ẹran Kéékèèké

Lẹ́yìn 1974, àwọn kan nínú àwọn tí ó wá ṣe ìrànwọ́ rí i pé fífún ni ní jéró nìkan kò lè sọ darandaran di darandaran padà. Wọ́n mú àṣà habbanae gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, wọ́n sì dúró ní ipò ọ̀rẹ́ tí ó ní ẹran. Wọ́n yá ìdílé ní abo. Bí ó bá bímọ tó iye àdéhùn, ìyá yóò lọ sọ́dọ̀ ìdílé mìíràn tí kò ní. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyàn 2005, tí ọ̀dá àti eéṣú 2004 fà.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn kó ipa tí ó jọjú nínú èyí. Oṣù márùn-ún péré ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, ó sì máa ń bí ìbejì. Ó ń jẹ ewé igi tí màlúù kò kà sí. Bí jéró bá tán nílé, a lè ta òbúkọ kan láìfọwọ́ kan abo tí ń fún ni ní wàrà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ṣeé fi lé obìnrin lọ́wọ́. Lẹ́yìn 2005, àwọn obìnrin ni a fún ní ewúrẹ́ níbi púpọ̀: abo méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú òbúkọ kan. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ ewúrẹ́ di iye owó ẹgbọrọ màlúù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ewúrẹ́ tí kò rí koríko yóò kú gẹ́gẹ́ bí màlúù. Bí a bá fi ẹran lé ìdílé tí ebi ń pa lọ́wọ́ láìfi jéró tì í, tita ni wọn yóò tà á. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bá sí, tí oko sì dí ojú ọ̀nà ẹran, asán ni ẹran àyásìn.

Ìgúnlẹ̀

Nínú gbogbo àlàyé yìí, ohun kan hàn gbangba. Ẹran nìkan kọ́ ni ó gbé àwọn Wodaabe dìde. Okùn tí ó wà lọ́rùn ẹran ni. Ẹni tí a fún ní nǹkan lásán lè jẹ ẹ́ tán lónìí. Ẹni tí a yá ní abo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń retí ìyá náà, ó sì mọ̀ pé òun náà yóò di ẹni tí ń yá ni. Ìrànwọ́ tí ó bá okùn yìí lọ ni ó lè dúró pẹ́. Èyí tí ó já a ń sọ ẹni tí ó ní ìmọ̀ iṣẹ́ di alágbe ni.

Àwa olùkọ́ a máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní àáró, ọ̀wẹ̀ àti èésú, wọn a sì máa dáhùn ìbéèrè lórí wọn nínú ìdánwò. Ó tọ́ kí a fi ọ̀sìn kún un, kí a sì rán àwọn ọmọ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè bí a ṣe ń pín ọmọ ẹran ní àdúgbò tiwọn, ẹni tí àkọ́bí ń jẹ́ tirẹ̀, àti ẹni tí ó ń ru ẹrù bí ẹran bá kú sọ́wọ́ olùsìn. Nínú ìdáhùn ìbéèrè kẹta yìí ni a óò ti mọ bí okùn ọ̀rẹ́ tiwa ti yi tó.