Wíwọ ẹgbẹ́ bàálù aráàlú: èrè tó wà níbẹ̀ àti wàhálà tó wà níbẹ̀



Ọ̀rọ̀ bàálù ò ṣàjèjì sí wa níbí. Ọdún púpọ̀ la fi gbọ́ pé wọ́n máa kọ́ aéroport tuntun sí Glo-Djigbé, nínú kọ́múùnù Abomey-Calavi wa. Ohun tó wà ní Glo-Djigbé lónìí ni zone industrielle, Cadjèhoun láàárín Cotonou ni bàálù ṣì ń balẹ̀ sí. Síbẹ̀, tí bàálù bá kọjá lókè, àwọn ọmọ á gbójú sókè, ẹnì kan nínú wọn á sì sọ pé: "Màmá, èmi náà á wa bàálù."

Àwọn ẹbí wa tó wà ní Amẹ́ríkà máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọ wọn, àmọ́ tiwọn máa ń ní ìbéèrè nínú. Ọmọ ọdún 13 á dé láti ilé ìwé, á ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Civil Air Patrol. Wọ́n ń wọ aṣọ bíi ti sójà, wọ́n ń to ìlà, wọ́n sì ń gbé ọmọ wọ bàálù lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá á pe ilé lórí WhatsApp, ìyá àgbà ní Calavi á ti figbe ta: "Ẹ má fi ọmọ mi sínú ogun o!" Ọ̀rọ̀ á wá di àríyànjiyàn láàárín ẹbí.

Nítorí náà la ṣe ní ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀: ohun tí ẹgbẹ́ náà jẹ́, ẹni tó lè wọ̀ ọ́, ohun tó dáa níbẹ̀, ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún, àti ohun tó wà fún àwa tá ò sí ní Amẹ́ríkà.

Kí ni ẹgbẹ́ náà gan-an?

Ọjọ́ 1 oṣù December 1941 ni wọ́n dá Civil Air Patrol sílẹ̀, ó ku ọjọ́ 6 kí Japan tó kọlu Pearl Harbor. Àwọn aráàlú tó ní bàálù kékeré tiwọn ló yọ̀ǹda ara wọn pé àwọn máa ran ìlú lọ́wọ́. Wọ́n ń fò lórí òkun létí ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ṣọ́ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ti Jámánì. Kì í ṣe eré rárá: èèyàn 26 ló kú nínú iṣẹ́ ṣíṣọ́ etíkun yẹn.

Lẹ́yìn tí ogun parí, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 1946, ààrẹ Truman fọwọ́ sí òfin tó sọ ọ́ di ẹgbẹ́ aláàánú tí kì í jagun mọ́. Lọ́dún 1948, òfin mìíràn sọ ọ́ di olùrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ 3 ló ń ṣe láti ìgbà náà: wíwá ẹni tó sọnù àti ríran ìlú lọ́wọ́ nígbà àjálù, kíkọ́ àwọn èèyàn nípa bàálù àti òfuurufú, àti títọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní kádẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lé ní 60,000, wọ́n sì ní nǹkan bíi bàálù kéékèèké 550. Wọn kì í sanwó oṣù fún àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn.

Ìyá àgbà lè fọkàn balẹ̀ lórí èyí: aṣọ lásán ló jọ ti sójà. Kádẹ́ẹ̀tì kì í ṣe sójà, wọn ò lè rán an lọ sójú ogun, kò sì sí àdéhùn kankan pé ó gbọ́dọ̀ di sójà lọ́jọ́ iwájú.

Ta ló lè wọlé?

Ọmọ ọdún 12 sí 18 lè wọlé gẹ́gẹ́ bíi kádẹ́ẹ̀tì, ó sì lè wà níbẹ̀ títí á fi pé ọdún 21. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́dún 18 náà lè wọlé, àmọ́ wọ́n máa gba ìka ọwọ́ rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti rú òfin rí. Ó ṣe pàtàkì pé kéèyàn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí kó ní green card. Ẹni tó fi visa ìbẹ̀wò lọ kí ẹbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín wọ̀ ọ́.

Èrè tó wà níbẹ̀

Àkọ́kọ́, ọmọ á wọ bàálù. Kádẹ́ẹ̀tì tí kò tíì pé ọdún 18 lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfò 5 nínú bàálù ẹlẹ́ńjìnì àti 5 nínú bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnì, lọ́fẹ̀ẹ́. Iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ló máa jókòó sí. Ọmọ tí kò sí awakọ̀ bàálù kankan nínú ìdílé rẹ̀ á rí i pé èèyàn bíi tòun ló ń wa nǹkan yìí.

Èkejì, ẹ̀kọ́ àti ìwà. Wọ́n ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dé lásìkò, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ, bí wọ́n ṣe ń dìde sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, àti bí wọ́n ṣe ń darí àwọn tó kéré sí wọn. Tí kádẹ́ẹ̀tì bá gba àmì ẹ̀yẹ Mitchell, tó sì wá fúnra rẹ̀ pinnu pé òun máa wọṣẹ́ ogun òfuurufú, ó lè bẹ̀rẹ̀ láti ipele kẹta dípò ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìyẹn túmọ̀ sí owó oṣù tó pọ̀ díẹ̀ sí i láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tó wúlò fún ọmọnìkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù September 2001, nígbà tí wọ́n ti dá gbogbo bàálù dúró nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bàálù ẹgbẹ́ yìí ló fò lórí ibi tí ilé gogoro méjèèjì ti wó ní New York láti ya fọ́tò. Lẹ́yìn ìjì Katrina lọ́dún 2005, wọ́n wà níbẹ̀. Nígbà Covid, wọ́n gbé ohun èlò ìtọ́jú káàkiri. Wọ́n tún ní àwọn tó ń fi àmì fóònù wá ẹni tó sọnù nínú igbó, láìkúrò nínú ilé wọn.

Ẹ̀kẹrin, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹni tó mọ rédíò, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, ẹni tó lè tọ́jú ìwé owó, gbogbo wọn ló rí nǹkan ṣe. Fún ẹni wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òyìnbó, tí kò mọ ẹnì kankan ju àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ọ̀nà láti mọ aládùúgbò nìyẹn.

A ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Willa Brown, obìnrin adúláwọ̀ tó gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1938, di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ yìí lọ́dún 1942, nígbà tí àwọn ológun ṣì ń ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun.

Wàhálà tó wà níbẹ̀

Àwọn àgbà ní igi gógóró má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ kejì náà.

Owó ni àkọ́kọ́. Ìfò yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹgbẹ́ ò lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ọdọọdún wà níbẹ̀. Wọ́n lè ran ọmọ tuntun lọ́wọ́ lórí aṣọ, àmọ́ bàtà, àmì ara aṣọ, owó àgọ́ ọlọ́sẹ̀ kan nígbà ìsinmi, àti epo ọkọ̀ láti gbé ọmọ lọ gbé e bọ̀, òbí ló ń san wọ́n. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ méjì kó lè fowó ránṣẹ́ sílé ní Calavi gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ dáadáa.

Àkókò ló tẹ̀ lé e. Ìpàdé wà ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ìdánrawò sì wà ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ìwé ò tíì wọ̀ lórí dáadáa lè fi ẹgbẹ́ sá fún ìwé.

Ẹ̀kẹta ló ń dun èèyàn jù, nítorí náà a máa dúró díẹ̀ lórí rẹ̀: ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ bàálù. Ọ̀pọ̀ ló wọlé torí wọ́n rò pé lẹ́yìn ọdún kan àwọn á máa wa bàálù. Rárá o. Òfin Amẹ́ríkà ní èèyàn ò lè dá wa bàálù ẹlẹ́ńjìnì kó tó pé ọdún 16, kò sì lè gba ìwé àṣẹ kó tó pé 17. Ó gbọ́dọ̀ fò fún wákàtí 40, ó kéré tán, ọ̀pọ̀ sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ máa ń kọjá 10,000 dọ́là lóde òní. Ẹgbẹ́ náà ní ètò tó ń sanwó ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn kádẹ́ẹ̀tì kan, àmọ́ àwọn tó ń tọrọ rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń rí i gbà. Àgbàlagbà tó sì fẹ́ wa bàálù ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ti ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ kó tó dé, wọ́n á sì tún dán an wò.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ wíwá èèyàn kì í sábà parí pẹ̀lú ayọ̀. Ní September 2007, Steve Fossett, ọkùnrin olówó tó gbajúmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bàálù, gbéra ní Nevada kò sì padà. Ẹgbẹ́ yìí àti àwọn mìíràn wá a fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àwókù bàálù àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa rẹ̀ ni wọ́n ń rí, wọn ò rí tirẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lórí òkè ní California ló ṣèèṣì rí àwọn káàdì rẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra, tó fẹ́ kí gbogbo làálàá ní èso lójú ẹsẹ̀, á rẹ̀ ẹ́.

Ìkarùn-ún, ewu wà. Ní November 2024, bàálù kékeré ẹgbẹ́ náà já lórí òkè ní Colorado lásìkò tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò láti òkè. Ẹni 2 kú, ẹnì kan yè. Àwa ará Cotonou ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Ọjọ́ Kérésìmesì 2003 ṣì wà lọ́kàn wa, nígbà tí bàálù tí ẹrù pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbéra ní Cadjèhoun tó sì já sétí òkun, tí èèyàn tó lé ní 130 fi kú. Nínú ọ̀rọ̀ bàálù, ẹni tó bá ní "ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan" ni ká sá fún.

Àwa tá ò sí ní Amẹ́ríkà ńkọ́?

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Britain, Air Training Corps wà láti February 1941 fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn náà kì í fipá mú ọmọ wọṣẹ́ ológun. Ní ilẹ̀ Faransé, ọmọ lè kọ́ ẹ̀kọ́ BIA ní ilé ìwé tàbí ní aéro-club, níbi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń yọ̀ǹda ara wọn. Ẹni tó bá yege lè rí owó ìrànwọ́ díẹ̀ gbà láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù. Ọmọ wa tó wà níbí, tó mọ ìṣirò àti físíìsì, tó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ òfuurufú ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kó wádìí EAMAC ní Niamey, ilé ẹ̀kọ́ ASECNA tó ti wà láti 1963. Iṣẹ́ olówó oṣù nìyẹn, kì í ṣe ti ìyọ̀ǹda ara ẹni.

Ọ̀kan wà tó kàn wá gan-an. Nígbà ogun Biafra, ebi ń pa àwọn ọmọdé kú. Lọ́dún 1969, bàálù Croix-Rouge ń gbéra láti Cotonou wa níbí, wọ́n ń gbé oúnjẹ àti oògùn lọ fún wọn. Àwọn awakọ̀ bàálù ilẹ̀ Faransé kan tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú ogun náà ló wá dá Aviation Sans Frontières sílẹ̀ lọ́dún 1980. Lára iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wọn ni pé kí wọ́n jókòó ti ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú bàálù, láti Áfíríkà lọ sí Yúróòpù fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì mú un padà wá bá ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ Bénin tí ọkàn ń dùn wà lára wọn. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ń darí bàálù. Ọwọ́ ọmọ ló dì mú.

Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé

– Ẹ lọ sí ìpàdé wọn ní ìgbà 2 tàbí 3 kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀ka kan ò dà bí èkejì. Ẹ̀ka kan lè máa ṣiṣẹ́ gidi, òmíràn lè jẹ́ kìkì ìjà oyè.
– Èló ni gbogbo owó náà lọ́dún, àti aṣọ àti àgọ́?
– Lọ́dún tó kọjá, kádẹ́ẹ̀tì mélòó ló fò ní ẹ̀ka yìí?
– Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ta ló máa sanwó ilé ìwòsàn? Ìdáhùn fún ọmọdé lè yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà.
– Àgbàlagbà mélòó ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbàkigbà?
– Tó bá sú ọmọ, báwo ló ṣe máa kúrò?

Èrò tiwa rèé. Tó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ awakọ̀ nìkan lẹ ń wá, ẹ tọ́jú owó yín, kẹ́ ẹ lọ tààrà sí ilé ẹ̀kọ́ bàálù. Ẹgbẹ́ máa já yín kulẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ fẹ́ mọ òfuurufú, tó sì fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń wúlò fún ẹlòmíràn láìgba kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú rẹ̀ fún ọdún kan. Kẹ́ ẹ sì tún pe ìyá àgbà ní Calavi, kẹ́ ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ogun ni wọ́n fi ọmọ rẹ̀ sí.