Bí Ewé Tòmátì Bá Ń Ká Jọ, Kí Ni Ká Ṣe?

Ẹni tó bá ń gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé, yálà lórí ebè tàbí sínú àpò, yóò ti rí i rí pé ewé rẹ̀ á ṣàdédé máa ká jọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé ká sáré lọ ra oògùn kòkòrò. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù ná. Ohun tó ń mú ewé ká ju ẹyọ kan lọ, oògùn tí a bá sì fọ́n láìmọ ohun tó fà á, owó la fi ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó: ṣé ewé ìsàlẹ̀ ló ń ká ni, àbí ewé tuntun tó wà lókè?

Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ ló ká sókè bí ẹní tí a ká, tí kò sì pọ́n, oòrùn ló sábà máa ń fà á, tàbí kí omi má tó o, tàbí kí omi dúró sí i nídìí. Èyí kì í pa á, á ṣì so. Ẹ máa bomi rin ín nídìí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tàbí lẹ́yìn Àsárì tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ́ koríko gbígbẹ sídìí rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú àpò ló wà, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpò wò bóyá ihò wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ewé òkè, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ewé tuntun á kéré, á ká sókè bí ṣíbí, etí rẹ̀ á pupa rúsúrúsú, igi náà kò ní ga mọ́, òdòdó rẹ̀ á sì máa já dànù. Fáírọ́ọ̀sì ló fà á. Kòkòrò funfun kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Bemisia tabaci ló ń gbé e láti ara igi kan dé ara òmíràn. Bí ẹ bá mi igi náà, ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń fò jáde lábẹ́ ewé bí eérú.

Kò sí oògùn tó ń wo fáírọ́ọ̀sì yìí. Ńṣe ni kẹ́ ẹ fà á tu. Kẹ́ ẹ tó fà á, ẹ fi ọ̀rá bò ó látòkè kí àwọn kòkòrò náà má baà fò sórí èyí tí ara rẹ̀ le, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ rì í mọ́lẹ̀. A mọ̀ pé ó máa ń dunni, pàápàá bó bá ti ń yọ òdòdó, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tí a ṣàánú rẹ̀ lè kó ran gbogbo ebè. Èso tó bá ti wà lórí rẹ̀ ṣeé jẹ, àrùn yìí kì í mú ènìyàn.

Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbìn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ há bo irúgbìn láti ọjọ́ tó ti hù, nítorí ìgbà tó kéré ni àrùn náà máa ń bà á jẹ́ jù. Ẹ má gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì àtijọ́, ẹ sì máa ro ìdí rẹ̀. Ewé dóńgóyárò tí a gún, tí a rẹ sómi mọ́jú, tí a sẹ́, tí a sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí, máa ń dín kòkòrò náà kù bí a bá fọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Bí ewé bá lọ́, tó tín-ínrín bí okùn, ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí aládùúgbò fọ́n oògùn apakoríko, afẹ́fẹ́ ló gbé e wá. Ẹ̀rọ tí a bá ti fi fọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi fọ́n ohunkóhun sára tòmátì, bí ẹ tilẹ̀ ti fọ̀ ọ́.