Sùúrù Susanna Wesley

Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Ṣùgbọ́n ìyá tí ariwo ọmọ kún ilé rẹ̀, tí owó oúnjẹ kò sì sí, níbo ni yóò ti rí sùúrù náà? Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Susanna Wesley ni orúkọ rẹ̀. Ní 1669 ni a bí i. Aya àlùfáà Epworth ni. Ọmọ 19 ni ó bí, 10 péré ni ó dàgbà. Ní 1705, a ti ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí gbèsè. Ní 1709, iná jó ilé wọn. Díẹ̀ ló kù kí John, ọmọ ọdún 5, bá a lọ. Ni a bá pín àwọn ọmọ sí ilé onílé. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹnu wọn ti bàjẹ́, ẹ̀kọ́ ilé ti bọ́ lára wọn. Ta ni kò ní bínú?

Susanna ń lo pàṣán, ṣùgbọ́n ó fi òfin de ọwọ́ ara rẹ̀. Ó to àwọn òfin náà sínú ìwé tí ó kọ sí John ní 1732. Ọmọ tí ó bá jẹ́wọ́, tí ó sì ṣèlérí àtúnṣe, kì yóò jẹ ẹgba, nítorí ìbẹ̀rù ẹgba ní í kọ́ ọmọ ní irọ́ pípa. A kì yóò na ọmọ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹ̀ṣẹ̀ kan. Bí ó bá sì ti ṣàtúnṣe, a kì yóò fi ọ̀rọ̀ náà gún un lára mọ́.

Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ó yan ìrọ̀lẹ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan láti bá a sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John. Nígbà tí John ti di olùkọ́ ní Oxford, ó ṣì ń kọ̀wé bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó rántí òun ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ sì ní àkókò tí ó yà sọ́tọ̀ lójoojúmọ́ láti dá wà níwájú Ọlọ́run.

Ó kú ní 1742. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1842, Thomas Birch Freeman mú ìjọ tí John dá sílẹ̀ wá sí Àgbádárìgì. Ìjọ Elétò ni a ń pè é.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dúró di ìgbà tí ìbínú bá dé kí ẹ tó máa wá àdúrà. Ẹ ti yan wákàtí rẹ̀ sílẹ̀.