Fúlóráìdì Nínú Omi Ìlú Grand Rapids

Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1945, nígbà tí ogun àgbáyé kejì kò tíì parí, ni àwọn òṣìṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní Grand Rapids, ìpínlẹ̀ Michigan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi èròjà fúlóráìdì sínú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ìlú kankan kò tíì ṣe irú rẹ̀ rí.

Àbùkù eyín ni ó bí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Frederick McKay, oníṣègùn eyín, dé Colorado Springs ní ọdún 1901, ó bá eyín ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ní pípọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí eyín ẹni tí kì í fi obì sílẹ̀ lẹ́nu. Síbẹ̀, eyín wọ̀nyí kì í tètè jẹrà! Nǹkan bí ọdún 30 ni ó fi wádìí rẹ̀. Ní ọdún 1931 ni H. V. Churchill, onímọ̀ kẹ́míkà, rí i pé fúlóráìdì ni ó pọ̀ jù nínú omi wọn. Kì í ṣe ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀, láti inú àpáta ni ó ti ń wá. Kòkòrò ẹnu a máa sọ ṣúgà di ásíìdì tí ń jẹ eyín. Fúlóráìdì a sì máa ran eyín lọ́wọ́ láti kojú rẹ̀. Trendley Dean ni ó wá ṣírò rẹ̀ pé miligíráàmù kan nínú lítà omi kan tó.

Ìgbìmọ̀ ìlú ni ó fọwọ́ sí i fún Grand Rapids. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ kò ní omi ẹ̀rọ mìíràn. Ìlú Muskegon, tí òun pẹ̀lú ń mu omi Adágún Michigan, ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n: wọn kò fi nǹkan kan sí omi tirẹ̀, kí a lè fi eyín ọmọ ìlú kan wé ti èkejì. Ọdún 15 ni ó yẹ kí ó gbà. Ta ni yóò wá fi ọwọ́ lẹ́rán, kí eyín ọmọ rẹ̀ máa jẹrà nítorí ìmọ̀? Ní ọdún 1951, Muskegon bẹ̀rẹ̀ sí í fi fúlóráìdì sínú omi tirẹ̀, òdiwọ̀n sì parí. Nígbà tí ìwádìí Grand Rapids pé, jíjẹrà eyín àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti fi ohun tí ó ju ìdá 60 nínú 100 dín kù.

Àríyànjiyàn kò tán. Ní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà dín ìwọ̀n náà kù sí miligíráàmù 0.7. Ní ọdún 2024, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan pàṣẹ pé kí àjọ tí ń bójú tó àyíká wá nǹkan ṣe sí ewu tí ó lè ṣe fún ọpọlọ ọmọdé. Ní ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Utah di àkọ́kọ́ tí ó fi òfin dè é nínú omi ẹ̀rọ gbogbo ìlú rẹ̀.