Ojú Owó àti Èlé: Láti Oko Kòkó Oǹdó dé Ilé Àkúrẹ́

Kí báńkì tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni gbèsè ti ní ètò tirẹ̀. Ẹni tí ó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà náà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé. Kò sí ebè kan tí ó kọ tí a yọ kúrò nínú ojú owó. Ó lè sìn títí irun orí rẹ̀ yóò fi funfun, kí gbèsè náà sì wà bí ó ti wà ní ọjọ́ tí a gbà á.

Nígbà tí kòkó gbilẹ̀ ní agbègbè Oǹdó, oko náà di ohun tí a ń fi dógò. Olówó a máa ká kòkó lọ́dọọdún, a sì kà á sí èlé. Lóòótọ́, oko kì í bọ́ lọ́wọ́ onígbèsè pátápátá: ìgbàkígbà tí òun tàbí ọmọ rẹ̀ bá kó ojú owó pé, ó lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí kòkó rẹ̀ ń wọ àpò ẹlòmíràn yóò ti rí owó náà?

Ọ̀nà mìíràn ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣúná ń pè ní amortization. Ikú ni ó wà nínú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ní èdè Látìn, nítorí pé ṣe ni à ń pa gbèsè díẹ̀díẹ̀. Iye kan náà ni onígbèsè ń san lóṣooṣù. A ó yọ èlé oṣù náà, ìyókù yóò sì dín ojú owó kù. Bí ojú owó ti ń dín ni èlé ń kéré sí i.

Federal Mortgage Bank, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1977, ti ń fi owó National Housing Fund yá òṣìṣẹ́ lówó ilé ní èlé 6 nínú 100 lọ́dún, fún ìgbà tí ó lè tó ọdún 30. Bí òṣìṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ bá yá 5,000,000 náírà bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 29,978 ni yóò máa san lóṣù. Ní oṣù kìíní, èlé yóò gbé 25,000 nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 10, yóò ti san nǹkan bí 3,600,000, síbẹ̀ ojú owó tí ó kù yóò lé ní 4,180,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé a ti rẹ́ wọn jẹ, tàbí pé ìwọ̀fà ni wọ́n padà ṣe. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹtàdínlógún-lé-lọ́ọ̀ọ́dúnrún, ojú owó ti ń yọ́ lọ. Ní oṣù 360, èlé kò tó 150 náírà, gbogbo ìyókù ni ó ń lọ pa gbèsè.